Má Kánjú Fa Ìwọ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ọkọ̀ Kékeré Pa Ẹja Díẹ̀díẹ̀

Ẹnì kan ju bébà pélébé kan sínú àpótí ìbéèrè ẹgbẹ́ oníròyìn wa. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé: "Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè máa wa ọkọ̀ lọ, kó sì máa fi ìwọ̀ pa ẹja lọ́wọ́ kan náà? Mo rò pé ó dìgbà téèyàn bá jókòó sójú kan." Ẹlòmíì wá fi bírò mìíràn kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Kí la fẹ́ fi ìwọ̀ ṣe nígbà tí Gamalin wà?" Ìbéèrè méjèèjì ni mo fẹ́ dáhùn, torí pé ìdáhùn èkíní ló máa jẹ́ kí ti èkejì yé wa.

Tí wọ́n bá dárúkọ Ọ̀fàdà níbikíbi, ìrẹsì ló máa ń wá sọ́kàn àwọn èèyàn. Ìrẹsì la fi ń yangàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n odò Ògùn ò jìnnà sí wa. Láti ìhà Ṣakí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ti ń bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìṣẹrí, kó tó tú sínú ọ̀sà Èkó. Púpọ̀ nínú wa tó ń ti Mowe, Ibafo àti Ifo wá sí ilé-ìwé ló mọ ẹnì kan tó ń pa ẹja tàbí tó ń ta ẹja. Àbúrò bàbá mi wà lára wọn. Òun ló kọ́ mi ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo kọ síbí. Èmi náà wá fi ohun tí a ń kọ́ ní kíláàsì Físíìsì àti ti ìṣirò wò ó, mo sì rí i pé ó bára mu.

KÍ NI FÍFA ÌWỌ̀?

Tí èèyàn bá ju ìwọ̀ sínú omi láti inú ọkọ̀, tí ọkọ̀ ń lọ, tí ìwọ̀ náà ń bá a lọ nínú omi, ìyẹn ni àwọn Òyìnbó ń pè ní trolling. Ẹ má fi wé trawling o. Trawling ni ti ọkọ̀ ńlá orí òkun tó ń wọ́ àwọ̀n gbàgàdà kiri, tó ń kó àtàgbà àtọmọdé ẹja. Orúkọ wọn jọra, iṣẹ́ wọn ò jọra rárá. Ti ìwọ̀, ẹja kọ̀ọ̀kan ló ń mú, ẹja náà ló sì máa fúnra rẹ̀ la ẹnu.

Àwọn tó ń fi ẹ́ńjìnnì sáré lórí òkun máa ń fa ìwọ̀ kíákíá, torí àwọn ẹja òkun kan fẹ́ràn láti lé ohun tó ń sá. Kì í ṣe ìyẹn ni mò ń sọ. Nínú èyí tí mò ń sọ yìí, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ yára tó ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tó ń rìn dáadáa máa ń rin bíi kìlómítà 5 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ tó ń fa ìwọ̀ díẹ̀díẹ̀ kì í sábà ju kìlómítà 1 tàbí 1 ààbọ̀ lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó bá dúró létí omi lè rò pé ọkọ̀ náà ò kúrò lójú kan.

ẸJA AMẸ́RÍKÀ KAN TÓ KỌ́ WỌN NÍ SÙÚRÙ

Ibi tí àwọn èèyàn ti sọ ọgbọ́n yìí di nǹkan ńlá ni Amẹ́ríkà, nítorí ẹja kan tó ń jẹ́ crappie. Kò sí nínú odò tiwa. Oríṣi méjì ló wà, funfun àti dúdú. Tí ẹ bá rí àwòrán rẹ̀, ẹ lè kọ́kọ́ rò pé epìyà ni, torí ara rẹ̀ pẹlẹbẹ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tóbi, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀. Awọ ẹnu náà fẹ́lẹ́ débi pé àwọn apẹja ibẹ̀ ń pè é ní ẹlẹ́nu bébà. Tí ẹ bá já okùn gbà mọ́ ọn lẹ́nu, ẹnu á ya, ẹja á lọ.

Ìṣòro crappie ni pé kì í gbé ojú kan. Agbo ni wọ́n ń kó jọ, wọ́n á rọ̀ sáàárín omi, nítòsí igi tó rì. Lónìí, wọ́n lè wà ní ìwọ̀n mítà 2 sísàlẹ̀. Lọ́la, kí oòrùn mú, wọ́n ti wà ní mítà 4. Ẹni tó bá ju ìwọ̀ kan sójú kan lè jókòó látàárọ̀ kí agbo ẹja má gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá rárá. Nítorí náà, àwọn apẹja wọn máa ń to ọ̀pá ìwọ̀ púpọ̀ sí orí ọkọ̀, nígbà mìíì tó mẹ́jọ, kí wọ́n tàn ká bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Ìjìnlẹ̀ tí ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan wà yàtọ̀. Ọkọ̀ á wá máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ní adágún Grenada ní ìpínlẹ̀ Mississippi, tó lókìkí fún crappie ńláńlá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀ tilẹ̀ ṣòfin iye ọ̀pá tí ẹnì kan lè lò lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀? Ẹ rántí ohun tí a kọ́ ní Báyọ́lọ́jì: ẹja ò ní ara gbígbóná bíi tiwa. Bí omi bá ṣe tutù tó ni ara rẹ̀ ń tutù tó. Nígbà òtútù ní Amẹ́ríkà, crappie ò lágbára eré sísá. Tí oúnjẹ bá sáré kọjá níwájú rẹ̀, kò ní lé e, torí agbára tó máa fi lé e lè ju èyí tó máa rí nínú rẹ̀ lọ. Oúnjẹ tó bá rọra ń bọ̀ ló máa gbà.

Omi tiwa ò tutù tó bẹ́ẹ̀. Tiwa ni pé omi máa ń dúdú. Nígbà òjò, odò Ògùn a máa pọ́n bíi tíì tí wọ́n fi mílíìkì sí. Ẹja ò lè rí ọ̀ọ́kán. Ọ̀bọ̀kún àti àrọ̀ ní irùngbọ̀n tí wọ́n fi ń fọwọ́ kan nǹkan, tí wọ́n sì fi ń tọ́ ọ wò. Irùngbọ̀n náà ló ń bá wọn wá oúnjẹ nínú òkùnkùn. Tí ìwọ̀ bá yára, yóò ti kọjá kí irùngbọ̀n tó kàn án. Ẹ rí i pé ìdí tó yàtọ̀ ló gbé àwa àti àwọn ará Amẹ́ríkà dé ibì kan náà: kí ìwọ̀ máa rọra rìn.

Ó wá ku nǹkan mẹ́ta tí apẹja gbọ́dọ̀ mọ̀: báwo ni ìwọ̀ ṣe jìn tó, báwo ni ọkọ̀ ṣe yára tó, àti ibo ni ọkọ̀ ń gbà lọ.

ÈKÍNÍ: WO ẸNU ẸJA KÍ O TÓ WỌN OKÙN

Àbúrò bàbá mi máa ń sọ pé ẹja ti kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sí ẹnu ara rẹ̀. Ẹ lọ sí ọjà, ẹ wo ẹja dáadáa. Ẹnu ọ̀bọ̀kún kọjú sísàlẹ̀, irùngbọ̀n sì yí i ká. Ilẹ̀ odò ló ti ń jẹun. Ìwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kan ilẹ̀. Àrọ̀ náà, ilẹ̀ àti ẹrọ̀fọ̀ ló fẹ́ràn, òru ló sì máa ń jẹun jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń yọjú sókè láti mí afẹ́fẹ́. Epìyà ní tirẹ̀, iwájú gan-an ni ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Etí omi tí kò jìn ló fẹ́ràn, ewé wẹ́wẹ́ inú omi sì ni oúnjẹ rẹ̀ tó pọ̀ jù. Kì í lé nǹkan. Tó bá jẹ́ epìyà lẹ ń wá, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rìn rárá: ẹ sún díẹ̀, ẹ dúró, ẹ tún sún díẹ̀. Crappie tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, òkè ni ojú rẹ̀ ń wò, torí náà òkè orí rẹ̀ ni ìwọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Tí ìwọ̀ bá gba abẹ́ rẹ̀, kò ní rí i.

Tí ẹ ò bá tíì mọ ibi tí ẹja wà lọ́jọ́ náà, ẹ lo ọ̀pá ọparun mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí okùn àkọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀ ní ìdajì mítà, èkejì ní mítà 1, ẹ̀kẹta ní mítà 1 ààbọ̀, ẹ̀kẹrin ní mítà 2. Ẹ ò nílò tépù. Tí èèyàn bá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, láti orí ìka kan dé orí ìka kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú gíga rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn wọn okùn, kí ẹ sì fi ọ̀dà ìkànnáa sàmì sí i. Tí ẹja bá jẹ ọ̀kan, ẹ má tíì yọ̀. Tí okùn yẹn kan náà bá tún mú èkejì, ó ti di ìròyìn: ẹ gbé àwọn okùn yòókù lọ sí ìjìnlẹ̀ yẹn. Bó bá di ọ̀sán tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, torí pé ooru máa ń lé ẹja lọ sísàlẹ̀ tàbí sábẹ́ òjìji ewé.

ÈKEJÌ: KA ÌṢẸ́JÚ ÀÁYÁ

Ìjìnlẹ̀ tí ẹ wọ̀n lórí okùn kì í ṣe ìjìnlẹ̀ tí ìwọ̀ wà gan-an. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń yára sí i, bẹ́ẹ̀ ni omi ń ti okùn sẹ́yìn, tí ìwọ̀ ń gòkè. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní okùn mítà 3 ló wà nínú omi. Tí ọkọ̀ bá dúró, okùn á gún régé, ìwọ̀ á wà ní mítà 3. Tí okùn bá dagun, tó bá ojú omi ṣe igun dígírì 60, ẹ fi 3 ṣe ìsọdipúpọ̀ sine 60: ìwọ̀ ti wà ní mítà 2.6. Tí igun náà bá di 45, ó ti di mítà 2.1. Tó bá di 30, ó ku mítà 1 ààbọ̀ péré. Ìdajì ti lọ! Ẹni tó rò pé ìsàlẹ̀ lòun ti ń wá ọ̀bọ̀kún, àárín omi ló ń rìn kiri, ọ̀bọ̀kún ò sì ní gòkè wá bá a. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé "ẹja ò sí nínú odò yìí mọ́", igun okùn wọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ohun tó ń bá wa fa okùn sísàlẹ̀ ni òjé. Òjé tó tó gíráàmù 15 máa ń tó níbi tí omi ti dúró. Níbi tí omi ti ń ṣàn, ẹ máa nílò èyí tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ bí ọkọ̀ ṣe ń yára tó láìní ẹ̀rọ kankan? Ẹ wá ewé gbígbẹ kan. Ẹni tó wà níwájú á jù ú sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọkọ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tí ìdí ọkọ̀ bá dé ibi tí ewé wà, á dá kíkà dúró. Ká ní ọkọ̀ náà gùn ní mítà 5. Tó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 18, ẹ fi 18 pín 5: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mítà 0.28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí í ṣe kìlómítà 1 ní wákàtí kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ 9 péré lẹ kà, kìlómítà 2 ni, ẹ ti ń sáré jù. Tó bá jẹ́ 36, ìdajì kìlómítà ni, ìyẹn sì dára fún òwúrọ̀ kùtù tàbí ìgbà tí omi bá pọ́n.

ẸKẸTA: ÌDẸ GBỌ́DỌ̀ ṢÁÁJÚ ỌKỌ̀

Ẹja ń gbọ́ ariwo. Tí àjẹ̀ bá ń gbá ara ọkọ̀ gbọ̀ọ̀, ẹja á sá. Nítorí náà, òfin kan wà tó kan gbogbo ibi: kí ìdẹ dé ọ̀dọ̀ ẹja kí ọkọ̀ tó dé. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nínú ọ̀sà yàtọ̀ sí bí ẹ ṣe máa ṣe é nínú odò.

Nínú ọ̀sà, níbi tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ẹ to ọ̀pá mẹ́rin sí orí ọkọ̀, kí wọ́n nà síwájú àti sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n jìnnà síra wọn dáadáa kí okùn má baà lọ́ mọ́ra. Ẹnì kan á jókòó sídìí ọkọ̀, á máa fi àjẹ̀ wà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹnì kejì á jókòó síwájú, á máa ṣọ́ orí ọ̀pá. Tí afẹ́fẹ́ bá wà, ẹ jẹ́ kó gbé ọkọ̀ lọ, ẹ má wa àjẹ̀ rárá. Bí afẹ́fẹ́ bá wá fẹ́ gbé yín sáré, ẹ fi okùn so gárawá kan mọ́ ọkọ̀, kí ẹ jù ú sínú omi. Omi á kún inú gárawá, á sì máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Gárawá yẹn ni bíréèkì yín.

Nínú odò Ògùn, omi ń ṣàn, ọ̀rọ̀ á yí padà. Àwọn ẹja kan máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn kùkùté àti igi tó wó sómi, níbi tí ìṣàn ò ti le jù, wọ́n á máa retí ohun tí omi bá gbé wá. Tí ẹ bá jẹ́ kí odò gbé yín lọ bó ṣe fẹ́, ìwọ̀ á fò wọ́n kọjá. Ohun tí àwọn apẹja máa ń ṣe ni pé wọ́n á kọ orí ọkọ̀ sí òkè odò, wọ́n á máa wà á bí ẹni ń gòkè lọ, ṣùgbọ́n wọn ò ní wà á tó agbára omi. Ọkọ̀ á wá máa yọ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ká ní omi ń ṣàn ní kìlómítà 3 ní wákàtí kan, tí ẹ sì ń wa ọkọ̀ gòkè ní kìlómítà 2. Tí ẹ bá fi igi etí odò wò ó, kìlómítà 1 péré ni ọkọ̀ fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ìdí ọkọ̀ ni ọ̀pá máa wà nírú àkókò yìí, torí omi máa ti okùn lọ sí ìsàlẹ̀ odò, ìdẹ á sì ṣáájú ọkọ̀. Ẹ rántí pé ìwọ̀ ṣì ń gba agbára kìlómítà 2 láti ara omi, ìdí nìyẹn tí òjé fi gbọ́dọ̀ wúwo sí i. Ẹ̀yin tí ìyára ìfiwéra ń dà láàmú ní kíláàsì Físíìsì, ẹ̀kọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé yìí.

Ibi tó yẹ kí ẹ máa gbà ni etí ewé, kì í ṣe àárín gbangba omi. Ẹ máa gba ẹ̀gbẹ́ òjúoró àti òṣíbàtà lọ, àti ẹ̀gbẹ́ ewé olódòdó àlùkò tó gba gbogbo ojú omi wa. Ewé àlejò yìí ń dí ọ̀nà ọkọ̀, ó sì ń fa àwọ̀n ya, ṣùgbọ́n ẹja máa ń sá sábẹ́ òjìji rẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ má wọ àárín rẹ̀, etí rẹ̀ ni kí ẹ gbà.

Ní ti ìdẹ, ekòló dára fún gbogbo wọn. Edé àti ẹja wẹ́wẹ́ dára fún ọ̀bọ̀kún. Búrẹ́dì tàbí èbà tí wọ́n pò kó le dára fún epìyà.

TÍ ẸJA BÁ JẸ ÌWỌ̀

Orí ọ̀pá á tẹ̀. Ẹ má jà á gbà. Ọkọ̀ tó ń rìn ti fa ìwọ̀ wọnú ẹnu ẹja fúnra rẹ̀. Ẹ kàn gbé ọ̀pá sókè pẹ̀lẹ́, kí okùn má dẹ̀, kí ẹ sì fi àwọ̀n ọlọ́wọ́ gbé ẹja láti abẹ́. Àwọn àgbà wa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Tó bá jẹ́ ọ̀bọ̀kún ni, ẹ ṣọ́ra! Ẹ̀gún mẹ́ta ló ní, ọ̀kan lẹ́yìn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó máa ń gún èèyàn débi tí ọwọ́ á fi wú. Ẹ fi àkísà dì í mú. Èyí tó bá kéré jù, ẹ fi omi rẹ ọwọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ yọ ìwọ̀ rẹ̀, ẹ dá a padà. Ọwọ́ gbígbẹ máa ń bó nǹkan yíyọ̀ tó bo ara rẹ̀, nǹkan yẹn ló sì ń dáàbò bo ẹja lọ́wọ́ àìsàn.

OMI Ò NÍ Ọ̀RẸ́

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọdọ̀ dá lọ sódò o. Àgbàlagbà tó mọ omi ni kí ẹ bá lọ, kí kálukú sì wọ láífù-jákẹ́ẹ̀tì, pàápàá ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí omi gbé lọ ló mọ omi wẹ̀. Ẹ má dìde dúró nínú ọkọ̀ kékeré. Tí ẹja bá jẹ ìwọ̀ lápá ọ̀tún, kí ẹni méjèèjì má sáré lọ sápá ọ̀tún.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ ti agbègbè wa gan-an. Dáàmù kan wà lórí odò Ọ̀yán, lókè Abẹ́òkúta. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí i, ó lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 270 mítà onígun mẹ́ta. Odò Ọ̀yán yìí ló ń tú sínú odò Ògùn. Nígbà tí òjò bá pọ̀, àwọn Ogun-Oshun River Basin tó ń bójú tó dáàmù náà máa ń tú omi sílẹ̀ kó má baà kún jù. Omi yẹn á sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwa tí a wà nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ìṣẹrí fi máa ń kún nígbà mìíì lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀ níbẹ̀ rárá. Ẹ má wò ó pé ojú ọ̀run mọ́. Tí ẹ bá rí i tí omi ń gòkè, tí igi àti ewé ń ṣàn bọ̀ lọ́pọ̀, ẹ jáde. Oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá kì í ṣe àkókò tí ọmọdé ń lọ fi ìwọ̀ ṣeré lódò Ògùn.

KÍ LA FẸ́ FI ÌWỌ̀ ṢE NÍGBÀ TÍ GAMALIN WÀ?

Ó ku ìbéèrè kejì. Mi ò mọ ẹni tó kọ ọ́, bóyá ó kàn fi ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ló mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é.

Lindane ni orúkọ oògùn inú Gamalin. Kòkòrò tó ń ba kòkó jẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Iṣan ara ló ń bá jà, ti kòkòrò, ti ẹja àti ti èèyàn. Ní ọdún 2009, àdéhùn Stockholm, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè àgbáyé fọwọ́ sí, Nàìjíríà náà sì wà níbẹ̀, fi lindane sára àwọn kẹ́míkà tó yẹ kó kásẹ̀ nílẹ̀, torí kì í tètè kúrò nínú omi àti ilẹ̀, ó sì máa ń kó jọ sínú ọ̀rá ara. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1992 lórí ẹja inú odò àti adágún náà ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi májèlé tàbí àdó olóró pa ẹja.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ gbé òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wo ohun tí ìwọ̀ ń ṣe àti ohun tí oògùn ń ṣe. Ìwọ̀ tó wà ní mítà 1 ààbọ̀ ń bá ẹja tó wà ní mítà 1 ààbọ̀ sọ̀rọ̀. Ìdẹ ọ̀bọ̀kún ń pe ọ̀bọ̀kún. Ìwọ̀ ńlá ò lè wọ ẹnu ẹja kékeré. Ẹja tí kò bá fẹ́ á máa lọ. Oògùn ò béèrè orúkọ, kò béèrè ọjọ́ orí. Epìyà kan wà nínú ọ̀sà Èkó tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú. Akọ rẹ̀ ló máa ń kó ẹyin sẹ́nu, á gbé e kiri títí tí ọmọ á fi jáde. Kì í jẹun dáadáa nígbà yẹn, torí náà ìwọ̀ kì í sábà mú un. Ṣùgbọ́n tí oògùn bá dé, bàbá kú, gbogbo ọmọ tó wà lẹ́nu rẹ̀ kú, kòkòrò inú omi tí àwọn tó ṣẹ́kù ì bá jẹ kú pẹ̀lú. Ẹni tó da oògùn á kó ẹja púpọ̀ lọ́jọ́ kan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó di kó lọ wá odò mìíràn. Àwọn tó ń pọn omi náà mu nísàlẹ̀ odò, wọn ò ní odò mìíràn.

Àwọn ìyá tó ń yan ẹja tà náà wà níbẹ̀. Ẹja tí oògùn pa kì í pẹ́ rà, ẹni tó bá sì rà á lẹ́ẹ̀kan tí inú rún un kò ní padà wá. Orúkọ ìyá tó tà á ló máa bàjẹ́, kì í ṣe ti ẹni tó da oògùn lóru.

Torí náà, ìdáhùn mi sí èkíní ni bẹ́ẹ̀ ni: èèyàn lè máa wa ọkọ̀ lọ kó máa pa ẹja, tó bá ti lè rọra wà á. Ìdáhùn mi sí èkejì ni pé ìwọ̀ tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ ń mú ẹja tòní, ó sì ń fi tọ̀la sílẹ̀. Oògùn ń kó méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ẹja, ẹ wá kí ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá sì gba ìṣirò okùn mi gbọ́, kó mú kákúlétọ̀ rẹ̀ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa.